Ẹ̀kùrọ́ Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí á rò pé oníwà tútù ni mí, nítorí pé tíṣà ni mí, mo sì ń wọ gíláàsì. Irọ́ ni. Inú tètè máa ń bí mi, ìgbéraga sì ti wà lára mi láti kékeré. Ọpẹ́ ni pé mo ti gbà á lẹ́nu ara mi kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Bí kì í bá ṣe ìgbéraga yẹn ni, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì bá tí ṣẹlẹ̀ rárá.

Joseph Ọláwuyì ni orúkọ mi, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, ìjọba ní kí wọ́n ka gbogbo ènìyàn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Àwa tíṣà ni wọ́n pè sí iṣẹ́ náà, nítorí pé àwa la mọ̀wé, owó wa kò sì wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, pẹ́ńsù méjì àti báàgì aláwọ kan, wọ́n sì ní abúlé Ìdó-Àràbà ni tèmi. Ọ̀nà Ìgbájọ ni abúlé náà wà, ìrìn máìlì méje sí Ìlá, èèyàn sì gbọ́dọ̀ la odò Ẹlẹ́jà kọjá kó tó débẹ̀.

Ọ̀gá tó pín iṣẹ́ fún wa sọ ọ̀rọ̀ méjì tí n kò gbàgbé. Èkíní, ó ní kí á má kọ iye ènìyàn nìkan, kí á kọ ìtàn abúlé kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn fọ́ọ̀mù: ta ló tẹ̀ ẹ́ dó, ibo ni wọ́n ti wá, ogun wo ló jà wọ́n. Èkejì, ó ní ìjọba ń gbèrò ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, abúlé tí ọmọ rẹ̀ bá pé ọgọ́ta ni wọ́n máa kọ́ ọ sí. Èyí tí kò bá pé, kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìlú tó bá sún mọ́ wọn. Mo gbọ́ èyí dáadáa. Ibi tí ilé ẹ̀kọ́ tuntun bá wà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tuntun gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Mo ti ń gbọ́ orúkọ ara mi létí.

Nígbà tí mo dé Ìdó-Àràbà, ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ. Ògúndáre ni orúkọ rẹ̀, arúgbó tó ga, tí ojú ọ̀tún rẹ̀ ti fọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jíṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Àwọn àgbàlagbà kò ṣòro. Orúkọ àwọn ọkùnrin ti wà nínú ìwé owó orí, àwọn obìnrin náà sì gbà kí n kọ àwọn. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ló di wàhálà.

Baálẹ̀ ní, "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, Tíṣà. Ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni?"

Mo ní, "Bàbá, wọ́n kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìjọba kò mọ̀ pé ẹ wà láyé. Bí a kò bá kà yín, wọn ò ní kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún yín."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Ó ní kí n jókòó kí n gbọ́ ìtàn tí mo ní mo fẹ́ kọ. Mo sì fa pẹ́ńsù mi yọ.

Ọdẹ kan láti Ìlá ni bàbá bàbá rẹ̀. Ó tẹ̀lé ẹfọ̀n kan dé ìdí igi àràbà, ó pa á síbẹ̀, ó sì rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ dú, omi sì wà nítòsí. Ó lọ kó ìyàwó àti àwọn àbúrò rẹ̀ wá. Abúlé náà gbèrú. Nígbà tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ kan, ajẹ́lẹ̀ kan wá bá wọn gbé, ó ní òun wá dáàbò bò wọ́n. Wọ́n fún un nílé, wọ́n ń fi àsun ẹran bọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun mọ iye ọmọ tó wà lábúlé, kí òun lè mọ iye ẹni tí òun ń ṣọ́. Wọ́n kó àwọn ọmọ jáde fún un. Ó ń kà wọ́n, ìránṣẹ́ rẹ̀ ń fi ọ̀bẹ sààmì sára ọ̀pá igi kan. Wọ́n jẹ́ mẹ́tàléláàádọ́ta.

Baálẹ̀ ní, "Oṣù kò tí ì lé tán lẹ́yìn ìyẹn tí àwọn ológun fi dé. Igi yẹn wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń kó àwọn ọmọ, wọ́n ń fọwọ́ ra àmì ara igi náà. Nígbà tí wọ́n kó wọn tán, ó ku méjì. Ṣé o mọ̀ pé wọn ò lọ? Wọ́n mọ̀ pé ó ku méjì. Wọ́n tún padà sínú igbó, wọ́n wá àwọn méjèèjì rí nínú ihò igi, níbi tí ìyá wọn fi wọ́n pamọ́ sí. Bí wọn ò bá kà wọ́n ni, ó kéré tán, méjì ì bá kù. Ọmọ kú sàn ju ọmọ nù lọ, Tíṣà. Tiwa nù."

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, sẹ́yìn fọ́ọ̀mù àti sínú ìwé tèmi. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún tó ń wá ipò, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lára rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀, mo tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ọ̀fun mi fi gbẹ.

Nígbẹ̀yìn, arúgbó náà wo ẹ̀kùrọ́ tí àwọn obìnrin ń fọ́ lágbàlá rẹ̀, ó sì ní, "Ó dáa. Ẹ̀kùrọ́ kì í ṣe ènìyàn. Kí ìyá kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀kùrọ́ wá, kó jù ú sínú igbá: ọmọ kan, ẹ̀kùrọ́ kan. Ka ẹ̀kùrọ́. Má fọwọ́ kan ọmọ, má sì wo ojú wọn."

Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti fi ọgbọ́n borí àwọn ará oko.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé igbá ńlá kan sábẹ́ igi àràbà. Kò sí ọmọ kankan níta. Wọ́n ti kó gbogbo wọn lọ sí oko. Àwọn ìyá wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ju ẹ̀kùrọ́ sínú igbá. Ohun kan yà mí lẹ́nu díẹ̀: kò sí ẹni tó da tirẹ̀ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jù ú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń fi ẹyin sínú ìtẹ́. Òmíràn á ju ọ̀kan, á dúró, á mí kanlẹ̀, kó tó ju èkejì. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀ṣunfúnkẹ́, pẹ́lẹ́ńgẹ́, dúdú, kò ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ, ju márùn-ún. Ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń ju ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà.

Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n. Ọgọ́ta ni ìjọba ń fẹ́! Díẹ̀ ló kù kí n jó.

Oòrùn mú lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kí n tó máa padà sí Ìlá, mo yà sílé Ọ̀ṣunfúnkẹ́ láti bu omi mu, nítorí ilé rẹ̀ ló kángun sí ọ̀nà. Ọmọbìnrin kan tó tó ọmọ ọdún márùn-ún ń ṣa ewé lágbàlá. Bó ṣe rí mi, ó sá wọlé.

Mo ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Àwọn mẹ́rin yòókù ṣì wà lóko ni?"

Ó bi mí pé, "Àwọn mẹ́rin wo?"

"Ẹ̀kùrọ́ márùn-ún lẹ mú wá láàárọ̀."

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ gba igbá omi lọ́wọ́ mi. Kò bínú, kò sì tijú. Ó ní, "Ọmọ́táyọ̀ tí ẹ rí yẹn kò sí nínú ẹ̀kùrọ́. Àwọn márùn-ún tí mo mú wá, inú igbó lọ́hùn-ún ni wọ́n wà. Málọmọ́ ni àkọ́kọ́, ó lo oṣù mẹ́ta. Dúrósinmí tẹ̀lé e. Kòkúmọ́. Bánjókòó, ó ti ń rìn. Rótìmí ló gbẹ̀yìn. Nígbà tí mo bí èyí, mo ní n kò ní fi orúkọ bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ti bẹ̀ títí, ó rẹ̀ mí. Mo ní Ọmọ́táyọ̀, ọmọ kan yìí tó ayọ̀ fún mi."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n ìyá, alààyè ni ìjọba ní kí n kà!"

Ó ní, "Òkú kò tún kú mọ́, Tíṣà. Ẹ kà wọ́n bó ṣe wù yín. Èyí tí mo ní, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Mo sáré padà sọ́dọ̀ Baálẹ̀. Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé òkú ni Ọ̀ṣunfúnkẹ́ kà. Ó wò mí pẹ̀lú ojú rẹ̀ kan ṣoṣo, ó sì ní, "Mo ní kí wọ́n mú ẹ̀kùrọ́ wá. N kò bi wọ́n pé ti ta ni." Nígbà náà ló yé mi pé gbogbo àwọn ìyá náà ló ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn ò pàdé, wọn ò gbìmọ̀ pọ̀. Ohun tí ọkàn oníkálùkù sọ fún un ló ṣe. Àwọn ọmọ tí ìgbóná pa, àwọn tí ibà pa, àwọn tí odò Ẹlẹ́jà gbé lọ, àwọn ló wà nínú igbá. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń mí kanlẹ̀.

Mo lè ya fọ́ọ̀mù náà. Mo lè padà sọ fún ọ̀gá pé abúlé náà kọ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ìwé gbọ́dọ̀ dé Ìlá. Mo jókòó sẹ́bàá odò, mo rò ó síwájú, mo rò ó sẹ́yìn, mo sì mọ̀ nínú ọkàn mi pé irọ́ ni. Mo kọ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin sílẹ̀ síbẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i. Mo sọ fún ara mi pé nítorí àwọn ọmọ tó wà láàyè ni. Díẹ̀ nínú ìyẹn jẹ́ òótọ́. Ìyókù jẹ́ ipò tí mò ń wá, òkú ọmọ ọlọ́mọ sì ni mo fi wá a.

Ìjọba mú ìlérí wọn ṣẹ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ilé ẹ̀kọ́ Ìdó-Àràbà ṣílẹ̀kùn. Àwọn ará abúlé fi amọ̀ mọ ọ́n, ìjọba fún wa ní páànù. Mo gba ìwé pé èmi ni ọ̀gá rẹ̀. Mo ra bàtà tuntun nítorí rẹ̀.

Ọmọ mẹ́tàdínlógún ló wá. Ọmọ àwọn onígbàgbọ́ díẹ̀ ni, àti ọmọ ọmọ Baálẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ mìíràn kún inú abúlé, mò ń rí wọn, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wọn kò jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ìdí rẹ̀ ni rẹ́jísítà. Wọ́n ti gbọ́ pé ní àràárọ̀ ni tíṣà máa ń to àwọn ọmọ sórí ìlà, tó ń kà wọ́n, tó sì ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo lọ láti ojúlé dé ojúlé, mo bẹ̀, mo halẹ̀, mo bínú. Wọ́n ń fún mi ní iṣu sísun, wọn ò fún mi ní ọmọ.

Nínú àwọn ọmọ yòókù, Ọmọ́táyọ̀ nìkan ló ń wá, bẹ́ẹ̀ ni kì í wọlé. Ó ti tó ọmọ ọdún méje. Abẹ́ fèrèsé ló ń jókòó sí, lórí òkúta kan, tó ń fọ́ ẹ̀kùrọ́ fún ìyá rẹ̀. Níjọ́ àkọ́kọ́ mo lé e, nítorí ìró òkúta rẹ̀ ń dí wa lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì ó tún dé, ó wá fi àkísà wé òkúta náà kó má baà dún mọ́. Mo béèrè lọ́wọ́ kíláàsì pé kí ni márùn-ún àti méje jẹ́, wọ́n ń wo òkè àjà. Ohùn kékeré kan láti abẹ́ fèrèsé ní, "Méjìlá, sà." Láti ọjọ́ yẹn, fèrèsé náà ni mò ń kọjú sí bí mo bá ń kọ́ wọn.

Mo lọ bá ìyá rẹ̀. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ní, "Ẹ jẹ́ kó máa gbọ́. Ó ń ka ìwé tó ti há sórí fún mi lálẹ́, inú mi ń dùn. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́, Tíṣà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ ọ́."

N kò kọ ọ́. Ìyẹn nìkan ni ohun rere tí mo ṣe lọ́dún náà.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tó ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù Kẹta, Ọ̀gbẹ́ni Àlàó, ọkùnrin tó ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ wò fún ìjọba, wa mọ́tò gba ìhà Ìgbájọ dé. Èèyàn gbígbẹ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó wo inú rẹ̀, ó sì yọ ìwé kan nínú àpò.

Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Ọláwuyì, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló wà nínú ìwé yìí. Ìwọ lo fọwọ́ sí i. Níbo ni wọ́n wà?"

Bàtà tuntun yẹn há mọ́ mi lẹ́sẹ̀ lójijì. Mo lè ní wọ́n wà lóko. Mo lè ní ara wọn kò dá. Ẹnu mi là, òótọ́ ló sì jáde. Mo ní, "Wọ́n ti kú, sà. Wọ́n ti kú kí n tó kọ wọ́n." Mo wá ro gbogbo ẹjọ́ náà fún un níta, lábẹ́ oòrùn.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tìẹ, Ìbàdàn ló máa dá a. Ti ilé ẹ̀kọ́ yìí ni èmi lè dá lónìí. Ọgọ́ta ni a fi ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ṣí, òfin ní ọmọ inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ogójì. Bí oòrùn bá dé àárín orí tí n kò rí ogójì ọmọ alààyè kí n fi ojú mi kà wọ́n, mo máa ti ilẹ̀kùn yìí. Kí àwọn tó wà níbí máa lọ sí Ìlá."

Ìlá! Máìlì méje, àti odò Ẹlẹ́jà láàárín, òjò sì ti ń ṣú. Ta ni yóò jẹ́ kí ọmọ ọdún méje la odò yẹn kọjá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́?

Mo sáré lọ bá Baálẹ̀. Ó lu agogo, àwọn ìyá sì péjọ sí abẹ́ igi àràbà. N kò lè dúró níwájú wọn, mo kúnlẹ̀. Mo sọ fún wọn pé mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé àwọn òkú ọmọ wọn ni mo kọ ránṣẹ́ sí ìjọba, pé orí wọn ni wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà lé, pé nítorí kí wọ́n lè máa pè mí ní ọ̀gá ni. Mo ní ogójì ọmọ ni wọ́n ń fẹ́ báyìí, alààyè, kí ọkùnrin àjèjì kan na ìka sí wọn kó sì kà wọ́n.

Ìyá àgbà kan wá ní, "O fi àwọn ọmọ wa ṣe àtẹ̀gùn, Tíṣà." Ó tutọ́ sílẹ̀. Mo gbà á, ó tọ́ sí mi.

Baálẹ̀ ní, "Wọ́n kà wá, wọ́n sì kó wa. N kò ní sọ fún ìyá kankan pé kó gbé ọmọ rẹ̀ jáde. N kò sì ní sọ pé kó má gbé e."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká. Mo ṣì wà lórí eékún nígbà tí mo rí i pé Ọ̀ṣunfúnkẹ́ kò gba ọ̀nà ilé rẹ̀. Ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ló gbà. Kò yára, kò sì wẹ̀yìn. Mo dìde, mo tẹ̀lé e, àwọn ìyá yòókù náà dúró, wọ́n ń wò ó.

Ọmọ́táyọ̀ wà lábẹ́ fèrèsé rẹ̀, ó ń fọ́ ẹ̀kùrọ́. Ìyá rẹ̀ gba òkúta lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi etí ìró nu iyẹ̀pẹ̀ ojú rẹ̀, ó tún ìró ọmọ náà ró. Ó fà á lọ́wọ́ dé iwájú Ọ̀gbẹ́ni Àlàó.

Ó ní, "Ẹ ka ọmọ mi."

Àlàó kò mọ ohun tí wọ́n gbé fún un. Ó na ìka sí ọmọ náà, ó ní, "Ẹnì kan," ó sì fi pẹ́ńsù sààmì sínú ìwé. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ di ojú rẹ̀ méjèèjì. Ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ rẹ̀, bí ẹni pé nǹkan kan máa já lulẹ̀ láti òkè. Kò sí ohun tó já. Ọmọ́táyọ̀ gbójú sókè, ó ní, "Ìyá mi, ṣé mo lè wọlé?"

Obìnrin náà la ojú. Ó ní, "Wọlé."

Mo sunkún lọ́jọ́ náà, kò sí ohun tí mo fẹ́ fi pamọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyá àgbà tó tutọ́ sílẹ̀ fún mi fa ọmọ ọmọ rẹ̀ mẹ́ta dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ọ̀nà oko, láti ẹ̀yìnkùlé, àwọn ọmọ tí n kò rí rí. Àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Ìyá kọ̀ọ̀kan gbọ́wọ́ lé orí tirẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kà á. Àlàó kà dé mẹ́tàlélógójì kí oòrùn tó dé àárín orí. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní ó tó. Nígbà tó fẹ́ wọ mọ́tò, ó wo àwọn ìyá náà pẹ́, ó ṣí fìlà fún wọn.

Ọ̀rọ̀ tèmi dé Ìbàdàn. Wọ́n gba ipò ọ̀gá lọ́wọ́ mi, wọ́n fi mí sílẹ̀ bíi tíṣà lásán ní Ìdó-Àràbà. N kò rojọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kà wọ́n yẹn, nígbà tí gbogbo èèyàn ti lọ, Ọ̀ṣunfúnkẹ́ padà wá bá mi ní kíláàsì. Ó bi mí pé, "Ẹ ti kọ orúkọ rẹ̀?"

Mo ní mo ti kọ ọ́. Mo fi hàn án nínú rẹ́jísítà, ó fi ìka tọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó ní, "Àwọn márùn-ún yẹn ńkọ́? Nínú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ìjọba, orúkọ wọn wà níbẹ̀?"

"Rárá, ìyá. Iye lásán ni. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni."

Ó wá ní, "Àwọn ló kọ́ ilé ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ kọ wọ́n."

Mo mú ìwé tèmi jáde, èyí tí mo kọ ìtàn Baálẹ̀ sí ní ọdún 1952, ìtàn ọdẹ àti ẹfọ̀n, ìtàn ajẹ́lẹ̀ àti ọ̀pá igi alámì. Mo ṣí ojú ìwé tó tẹ̀lé e. Ó ń pè é, mò ń kọ ọ́: Málọmọ́, Dúrósinmí, Kòkúmọ́, Bánjókòó, Rótìmí. Ó ní kí n kà á padà fún òun, mo sì kà á. Lọ́sẹ̀ kejì ìyá àgbà náà wá pẹ̀lú tirẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn iṣẹ́ oko, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ wọn. Kí ọdún náà tó parí, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ti pé nínú ìwé mi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn Ìdó-Àràbà àti iye ènìyàn rẹ̀, òun nìyẹn. Abẹ́ rẹ́jísítà ni mo ń fi ìwé náà sí.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rù náà. N kò tan ara mi. Ní àràárọ̀, ó máa ń sin ọmọ rẹ̀ wá, á dúró sábẹ́ igi àràbà pẹ̀lú agbọ̀n oko lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, á máa retí. Mo mọ ohun tó ń retí. Bí mo bá dé orúkọ yẹn, mo máa ń pè é sókè ju ti àwọn yòókù lọ.

"Ọmọ́táyọ̀!"

"Mo wà níbí, sà!"

Ìyá rẹ̀ á gbọ́ ọ. Á gbé agbọ̀n rẹ̀ rù, á sì máa lọ sóko.